Oòrùn Ṣì Wà ní Orúnkún

Ẹ bi màlúù wa bí inú ṣe ń bí mi tó ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Òun nìkan ni mo lè jágbe mọ́ tí ẹnikẹ́ni ò ní sọ pé opó yìí mà ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Àpò mi ti wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn látìgbà tí yìnyín orí òrùlé ti ń yọ́. Aṣọ díẹ̀ ló wà nínú rẹ̀, àti àlùmọ́gàjí tí ìyá mi fi gé aṣọ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń gbé nílùú Khorog ní ìsàlẹ̀ ló bá mi wá àyè sí ilé ìránṣọ kan. Obìnrin tó ni ibẹ̀ ní òun á fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ dè mí títí oṣù Kẹfà fi máa parí. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹlòmíì ló máa jókòó síbẹ̀. Kí ni mo tún ń ṣe lábúlé? Ọkọ mi, Imatsho, já láti orí ilé gíga tí wọ́n ń kọ́ ní Rọ́ṣíà, inú pósí ló gbà padà wálé. Kò fi ọmọ sílẹ̀ fún mi. Bàbá rẹ̀ nìkan ló fi sílẹ̀.

Baba Qadamsho, bàbá ọkọ mi, ló ń ka oòrùn fún abúlé. Ara ènìyàn la fi ń kà á níhìn-ín. Láàárọ̀ kùtù, Baba á gun orí òkúta pẹlẹbẹ kan lókè abúlé, á wo ibi tí oòrùn ti máa yọjú lórí òkè òdìkejì. Gbogbo kòtò àti ṣóńṣó orí òkè yẹn ló ń jẹ́ orúkọ ẹ̀yà ara ọkùnrin kan: ọrùn ẹsẹ̀, ojúgun, orúnkún, itan, ìbàdí, títí dé orí. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá ṣe ń wọlé, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn á máa gun ara ọkùnrin náà lọ. Tó bá dé orúnkún, a máa bomi rin àlìkámà. Tó bá dé ìbàdí, mọ́tò á lọ sí ìsàlẹ̀ ní ìrìn àjò ìkẹyìn. Tó bá dé àyà, yìnyín òkè á yọ́, odò á kún, á gbé ọ̀nà lọ, ẹnikẹ́ni ò sì ní jáde mọ́ títí omi á fi fà nígbà ìkórè. Ẹni tí kò bá jókòó sórí òkúta yẹn gan-an kò lè mọ̀, torí pé láti ojúlé kọ̀ọ̀kan, ibi ọ̀tọ̀ ni oòrùn ti ń yọ.

Ẹni tó ń ka oòrùn kì í sun ìta àfonífojì. Nígbà tí wọ́n gbé òkú Imatsho dé Khorog, èmi ni mo lọ gbà á. Baba wà lórí òkúta rẹ̀. Mo mọ̀ pé àṣà ni, ṣùgbọ́n ó ń dùn mí títí dòní.

Ǹ bá ti bá mọ́tò àkọ́kọ́ lọ. Àmọ́ ta ni yóò la ojú omi sí oko Baba? Òjò kì í rọ̀ sí ilẹ̀ wa, koríko pàápàá kì í hù níbi tí a ò bá fa omi dé. Mo ní kí n bomi rin àlìkámà rẹ̀, kó lè rí búrẹ́dì jẹ nígbà òtútù, kí n wá bá mọ́tò ìkẹyìn lọ. Inú rere ni mo pè é.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Mamadyor awakọ̀ wọlé tọ̀ wá wá, ó fi rédíò há abíyá.

“Baba, ẹ kú ìsinmi o. Àwọn ará Dushanbe lólú-ìlú ní ooru ń bọ̀. Wọ́n ní ti ọdún yìí á tètè gorí òkè, pé yìnyín tó bọ́ nígbà òtútù pọ̀ ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, kí àwọn tó ń gbé létí odò yáa kíyè sára.”

Baba run búrẹ́dì sínú tíì oníwàrà rẹ̀. “Àwọn ará Dushanbe, ṣé wọ́n ti jókòó sórí òkúta mi rí?”

“Rárá o, Baba.”

“Orúnkún ni oòrùn wà.”

“Orúnkún kẹ̀? Ọjọ́ tí mo wá kẹ́yìn, orúnkún náà lẹ wí.”

“Orúnkún ọkùnrin tóbi. Àbí tìẹ kéré ni?”

Mamadyor bú sẹ́rìn-ín, ó pa rédíò. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ìyàwó mi ní Khorog á ní mo tún ti rí àwáwí tí mi ò fi wálé. Savsan, tó bá ti dé ìbàdí, a ti ń lọ nìyẹn o. Di ẹrù rẹ.”

“Ẹrù mi ti wà ní dídì tipẹ́,” ni mo wí.

“Ẹ wò ó bí ojú ṣe ń kán an! Baba, kí lẹ fi ń jẹ ìyàwó yín níyà?”

Baba gbé ife rẹ̀ sókè. Ó ń wo ìsàlẹ̀ ife rẹ̀ bíi pé nǹkan já sínú rẹ̀.

Ooru náà dé lóòótọ́. Màlúù ò fẹ́ kúrò lábẹ́ òjìji ògiri mọ́. Omi tí mò ń la ọ̀nà fún lọ sí oko, tó máa ń mọ́ gaara, wá di omi ẹrẹ̀. Tí mo bá gbójú sókè, mò ń rí dúdú àpáta níbi tó yẹ kí yìnyín wà. Àárọ̀ kan ò lọ kí n má béèrè.

“Baba, ibo ló dé?”

“Orúnkún.”

“Orúnkún yìí mà ti wú o. Ẹ jẹ́ ká fi òróró pa á.”

“Ìyàwó, ẹnu rẹ ti ń mú ju àlùmọ́gàjí rẹ lọ.”

Àwa méjèèjì á rẹ́rìn-ín. Ohun tó ń ká mi lára jù nìyẹn. Kò ṣe dáadáa sí mi rí bó ṣe ṣe lásìkò yẹn. Ó tún bàtà mi ṣe. Ó ń fún wàrà màlúù fúnra rẹ̀ kí n lè sùn díẹ̀ sí i. Bọ́tà tó dára jù, inú ife tíì mi ló ń bu ú sí.

Ọ̀sán gangan ni odò dé. Kí a tó rí i la ti ń gbọ́ òkúta tó ń yí nínú rẹ̀, ilẹ̀ sì ń gbọ̀n lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. A sáré gun orí òrùlé. Ọ̀nà tó gba ẹ̀gbẹ́ àpáta kọjá kò sí níbẹ̀ mọ́, omi pupa ló wà níbi tó wà tẹ́lẹ̀. Mamadyor ká ọwọ́ lérí, ó ń wò ó bí ẹni tí wọ́n jí bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà.

Mi ò sunkún. Mo lọ sẹ́yìn ilẹ̀kùn, mo jókòó sórí àpò mi. Òkè níwájú, òkè lẹ́yìn, odò ní ìsàlẹ̀. Ó dà bíi pé wọ́n tì mí mọ́nú àpótí tí wọ́n fi gbé ọkọ mi wá.

Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo gbé tíì tẹ̀ lé Baba lọ sórí òkúta. Mo mọ orúkọ gbogbo ṣóńṣó yẹn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ilé ọkọ ló ti kọ́ mi, torí Imatsho ò ní sùúrù láti jókòó. Mo jókòó tì í. Oòrùn yọ. Orí àpáta pupa ló ti yọ, ní àárín gbùngbùn àyà.

“Baba, ṣé orúnkún nìyẹn?”

“Ojú mi ò dáa mọ́, ọmọ mi.”

“Ojú yín? Àná lẹ jókòó síbí yìí, tí ẹ ń kígbe mọ́ ewúrẹ́ pé ó ń jẹ aṣọ tí mo sá!”

Ó gbé ife sílẹ̀. “Tí mo bá sọ pé ó ti dé ìbàdí, wàá ti lọ. Ta ni màá wá sọ fún pé ilẹ̀ ti mọ́?”

“Ẹ ò bẹ̀ mí. Ẹ ò tiẹ̀ bẹ̀ mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé kí n dúró.”

“Tí mo bá bẹ̀ ọ́, ṣé wàá dúró?”

“Rárá.”

“Ìwọ náà rí i.”

Mo kórìíra rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, mo sì sọ ọ́ sí i lójú. Ó ní òun gbọ́.

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, Mamadyor àtàwọn ará abúlé ti wà lẹ́nu ọ̀nà wa. Ẹni tó bá purọ́ oòrùn nílùú wa, wọn á dojú òkúta rẹ̀ délẹ̀, ẹnikẹ́ni ò sì ní kí i mọ́ títí yóò fi kú. Ó ṣẹlẹ̀ sí ọkùnrin kan láyé bàbá Baba. Wọ́n ní ewúrẹ́ lọkùnrin náà ń bá sọ̀rọ̀ kó tó kú.

“Baba,” ni Mamadyor wí, “odò kì í dé kí oòrùn tó dé àyà. Ẹ ní orúnkún. Ìyàwó mi àtàwọn ọmọ mi wà ní ìsàlẹ̀, èmi wà lókè. Ṣé irọ́ lẹ pa fún wa ni?”

Baba la ẹnu. Mo rí i pé ó fẹ́ jẹ́wọ́, torí kò mọ irọ́ í pa, ẹyọ kan tó pa yẹn ti tán an lókun. Kí n ṣáà dákẹ́ ni. Gbogbo ìbínú mi ló dúró tì mí níbẹ̀, tó ń sọ pé kí n dákẹ́.

“Ojú Baba ti fọ́,” ni mo wí. “Láti ìgbà òtútù ni. Wọn ò fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀.”

Ara Mamadyor rọ̀ wọ̀ọ̀. Ó ṣí fìlà. “Áà, Baba mi. Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún wa?” Ó ju ọwọ́ níwájú Baba síwá sẹ́yìn. Baba tẹjú mọ́ ọ̀ọ́kán, kò ṣẹ́jú.

“Ta ni yóò wá máa kà á fún wa báyìí?” ni ẹnì kan béèrè.

Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mamadyor tilẹ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. “Savsan ni! Ṣebí Imatsho máa ń ṣẹ̀fẹ̀ pé ìyàwó òun mọ ara ọkùnrin orí òkè ju ti òun lọ?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń gbàdúrà fún mi, àwọn obìnrin ń fẹnu kò mí lọ́wọ́. Ìgbà yẹn ni mo tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ. Ẹni tó ń ka oòrùn kì í sun ìta àfonífojì.

Omi ti fà báyìí, wọ́n ti la ọ̀nà. Mamadyor ti lọ bá ìyàwó rẹ̀, ó sì bá mi mú àlùmọ́gàjí lọ fún ẹ̀gbọ́n mi, kó fún obìnrin tó jókòó sídìí ẹ̀rọ mi. Láràárọ̀ ni mò ń gun òkúta. Oòrùn ti dé orí, ó ti yí padà, ó ń sọ̀ kalẹ̀ lára ọkùnrin náà. Baba ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pẹ̀lú ọ̀pá. Tó bá fẹ́ lọ ṣe gáá, àwọn aládùúgbò á fà á lọ́wọ́ lọ.

Láàárọ̀ àná, ewúrẹ́ wọ oko àlìkámà wa tó ti gbó. Mo rí i láti orí òkúta. Baba náà rí i láti ẹ̀gbẹ́ ògiri, àwọn aládùúgbò sì jókòó tì í, wọ́n kẹ́yìn sí oko. Mo rí i tó gbé ọ̀pá sókè, tó la ẹnu, tó yíjú sí àwọn aládùúgbò, tó tún pa á dé. Ó gbójú sókè sí mi. Èmi náà ò kígbe. A jọ ń wo ewúrẹ́ yẹn, ó sì jẹ títí ó fi yó.