Pupa Tí Kò Yọ

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, ọkọ̀ akẹ́rù kan fi ẹ̀yìn rìn láti orí òkè, ó já sí kòtò, àkọ́bí Bàbá Mẹkáníìkì sì kú sínú rẹ̀.

Nígbà tí wọ́n sin ín tán, bàbá wọ bàtà, ó ń lọ kó ẹrù ọmọ rẹ̀ ní gáréèjì iléeṣẹ́ tó ni ọkọ̀. Ìyàwó ọmọ náà bá a dé ẹnu ọ̀nà.

"Bàbá, wọ́n ní ó sùn lórí sítíárì ni. Ẹ bá mi bi wọ́n, ṣé lóòótọ́ ni? Kí ni n ó máa sọ fáwọn ọmọ ẹ̀?"

Ọ̀rọ̀ náà bá bàbá dé ọ̀nà.

Ọ̀gá gáréèjì kì í dákẹ́. Ẹnu-ò-sinmi làwọn dírẹ́bà ń pè é. Ó fọwọ́ méjèèjì di bàbá lọ́wọ́ mú.

"Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró. Dírẹ́bà gidi ni. Oorun ọ̀sán ló burú, sà."

"Ọkọ̀ náà ńkọ́?"

"Wọ́n ti wọ́ ọ wálé, ó wà lẹ́yìn lọ́hùn-ún. Nǹkan kan ò ṣe ọkọ̀ náà, sà! Èmi fúnra mi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò láàárọ̀ ọjọ́ yẹn."

Wọ́n ń kọjá lọ láàárín àwọn tírélà tí wọ́n ti ṣí ẹ́ńjìnnì wọn sílẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fílítà afẹ́fẹ́ kọ̀ọ̀kan, gíláàsì kékeré kan wà bí ìdérí ìgò. Bí eruku bá ti dí fílítà débi tí ẹ́ńjìnnì ò rí afẹ́fẹ́ mí mọ́, pupa á yọ nínú gíláàsì náà. Àsìkò àtipààrọ̀ fílítà nìyẹn. Bí wọ́n bá fi tuntun sí i tán, wọ́n á tẹ rọ́bà orí rẹ̀, pupa á sì padà wọlé.

Pupa yọ lára tírélà àkọ́kọ́. Ẹnu-ò-sinmi fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, kò dá ọ̀rọ̀ dúró. Ó tẹ ìkejì. Bàbá dúró.

"Kí lẹ tẹ̀ yẹn?"

"Áà, ìyẹn! Ẹ má dá àwọn dírẹ́bà lóhùn, sà. Wọn ò gbọdọ̀ rí pupa. 'Ọ̀gá, fílítà! Ọ̀gá, fílítà!' Bí ọmọ tí wọ́n ń já lẹ́nu ọmú. Mo máa ń bá wọn tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀ kí ọkàn wọn lè balẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín.

"O tẹ tọmọ tèmi náà?"

"Gbogbo wọn ni mo máa ń..." Ó dákẹ́.

Bàbá ló kọ́ ọmọ náà níṣẹ́. "Má máa ṣí fílítà wò ṣáá," ó máa ń sọ fún un, "eruku á gbabẹ̀ wọ ẹ́ńjìnnì. Pupa ni kó o máa wò." Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀, ọmọ náà pè é lórí fóònù.

"Bàbá mi, ọkọ̀ yìí ń tu èéfín dúdú. Ó ń mu dísẹ́ẹ̀lì bí ọ̀mùtí, kò sì lè gòkè mọ́."

"Ṣé pupa ti yọ?"

"Rárá, sà. Mo ń wò ó láràárọ̀ kí n tó gbéra."

"Dúró dè é nígbà náà."

Bàbá rìn dé ìdí ọkọ̀ tó ti rún. Ó tú ilé fílítà. Eruku ti dì sínú rẹ̀ bí amọ̀.

"Òkè ló ń gùn," ó ní. "Ká ní ó sùn ni, iwájú ni ì bá forí sọ. Ẹ́ńjìnnì ló kú mọ́ ọn lọ́wọ́, bíréèkì ò sì lè dá ẹrù dúró. Tẹ̀lé mi, kó o wá fẹnu ara ẹ sọ ọ́ fún ìyàwó ẹ̀."

Ẹnu-ò-sinmi ń wo ilẹ̀. Kò tẹ̀lé e.

Nígbà tí bàbá délé, ó sọ fún ìyàwó ọmọ rẹ̀ pé, "Kò sùn." Ó sọ ti pupa àti ti àtàǹpàkò fún un. Kò lè sọ ti fóònù. Ó tú àpò ẹrù ọmọ náà tó gbé bọ̀ láti gáréèjì sílẹ̀, ó kó ohun tó wà nínú rẹ̀ jáde:

Bàtà ẹsẹ̀ òsì.

Tọ́ọ̀ṣì kan, ó ṣì ń tàn.

Àwòrán àwọn ọmọ, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ òkè sítíárì tẹ́lẹ̀.

Aṣọ òtútù tí ìyàwó rẹ̀ hun.

Fílítà tuntun kan nínú páálí rẹ̀, tí ẹnikẹ́ni ò tíì ṣí.