Tí Sáà Yìí Bá Parí

Èrò ń rọ́ gìrìgìrì wọ àjà òkè ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin, níbi tí aráàlú máa ń jókòó sí wòran, nígbà tí ojú obìnrin aránṣọ kan ṣe mẹ́rin pẹ̀lú ojú ọkùnrin kan tí kò mọ̀ rí. Ńṣe ló dà bí ẹni pé gbogbo ariwo ibẹ̀ rì sínú omi. Ọkùnrin náà sún kí ó lè ráyè.

"Ẹ jókòó, Àǹtí. Ẹ má fara ti apá àga yẹn o, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ lẹ̀ ẹ́ ni."

"Gbẹ́nàgbẹ́nà ni yín?"

"Ti ilé yìí gan-an. Àga àwọn aṣòfin kì í bàjẹ́ nídìí o. Apá tí wọ́n máa ń dì mú ló máa ń bàjẹ́."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu aránṣọ kó tó rántí pé àfẹ́sọ́nà òun wà lára àwọn tó ń di àga mú nísàlẹ̀. "Tí sáà yìí bá parí, a ó ṣègbéyàwó," lorin àfẹ́sọ́nà rẹ̀ láti sáà àkọ́kọ́. Sáà kẹta rèé tó ń lọ sópin. Aṣọ ìgbéyàwó tí aránṣọ fọwọ́ ara rẹ̀ rán, ẹ̀ẹ̀mejì ló ti tú ìbàdí rẹ̀ kó lè gba òun. Lẹ́tà ìdágbére tó kọ sí i ti ń gbénú báàgì láti ọdún tó kọjá, ṣùgbọ́n ọkàn tó nífẹ̀ẹ́ kì í tètè gbà pé ilẹ̀ ti ṣú.

Lónìí, àbá òfin tuntun dé: sáà yóò kúrò ní ọdún mẹ́rin, yóò di mẹ́fà, kò sì sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ lò ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ. Ẹ̀ẹ̀mejì! Olólùfẹ́ rẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Bí òfin yìí bá wọlé, ó dilé nìyẹn.

Wọ́n ní kí àwọn tó fara mọ́ ọn dìde. Àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ló kọ́kọ́ nàró. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé rọra bà lé e léjìká, aránṣọ sì rí ara rẹ̀ nínú aṣọ funfun, tó ń fò lẹ́lẹ́ bí ìyẹ́ ẹyẹlé. Àbá wọlé. Ó sáré sọ̀ kalẹ̀ lọ pàdé rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀.

"O dìde nítorí mi!"

"Ìfẹ́ mi, orí wa ló bá wa ṣe é! Òfin yìí ò wẹ̀yìn. Gbogbo sáà tí mo ti lò, wọn ò kà á mọ́. Ọmọ tuntun jòjòló ni mí báyìí: ọdún mẹ́fà, ká tún fi mẹ́fà lé e. Tí ìyẹn bá ti parí..."

"Èyí tí mo fi dúró dè ẹ́ ńkọ́? Wọn ò ka ìyẹn náà?"

"Ó tó, má bínú. Ṣebí onísùúrù lo jẹ́."

Ó wo ojú tó ti fẹ́ràn láti ìgbà tí irun orí ọkùnrin náà ṣì dúdú kirikiri. Ojú náà ṣì rẹwà. Ohun tó dùn ún jù nìyẹn. Ó ṣí báàgì rẹ̀, ó fa lẹ́tà náà yọ, etí ìwé náà ti ká kò, ó sì fi lé e lọ́wọ́.