Ìran Kòkòrò Kan Náà

Ọláwùnmí ń fi omi fọ ilé ẹlẹ́dẹ̀ rẹ̀ ní Ìbàfò nígbà tí Fadilah, ọmọbìnrin tó ń ṣe ìwádìí kòkòrò àrùn ní yunifásítì, wọlé pẹ̀lú fáìlì lábíyá. Ọláwùnmí ju rọ́bà omi sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, mà." Fadilah kúnlẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì tútù náà. "Èsì ti jáde."

Oṣù márùn-ún nìyẹn tí Ọláwùnmí kò tíì fojú kan Dáraolúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Tòún ọmọ rẹ̀ bí. Òun fúnra rẹ̀ ló lọ wẹ ọmọ náà nílé Tòún ní Àkútè nígbà tí wọ́n bí i. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi ń fi àdí pa á lára, tó ń gbé e sáyà títí yóò fi sùn. Lẹ́yìn náà ni oówo yọ sí ọmọ náà nítan, ibà sì tẹ̀ lé e. Ọjọ́ mọ́kànlá ni wọ́n lò ní ọsibítù. Oògùn mẹ́ta kò ràn án kí ìkẹrin tó ràn án.

"Ọ̀dọ̀ àwọn ẹlẹ́dẹ̀ yín ló ti wá, Mọ́mì," ni Tòún wí.

"Kò lè jẹ́ èmi," ni Ọláwùnmí fèsì. Ó sọ ọ́ fún Tòún, ó sọ ọ́ fún àwọn àna, ó sọ ọ́ fún pásítọ̀. Nígbà tó yá, Tòún kò pè mọ́. Fọ́tò ọmọ nìkan ló ń fi ránṣẹ́, láìkọ ọ̀rọ̀ kankan tẹ̀ lé e. Nínú èyí tó dé kẹ́yìn, Ọláwùnmí fi ìka fẹ àwòrán náà títí ó fi rí eyín kékeré kan. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé ọmọ ti hu eyín.

Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ kí Fadilah fi òwú nu inú imú òun àti ti àwọn ẹlẹ́dẹ̀. Tòún náà fọwọ́ sí i kí ọsibítù yọ̀ǹda kòkòrò àrùn tí wọ́n mú nínú oówo ọmọ rẹ̀ fún Fadilah.

Wọ́n jókòó sábẹ́ igi máńgòrò.

"Mà, ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe DNA láti mọ ẹni tó lọmọ? Bẹ́ẹ̀ náà la ṣe fún àwọn kòkòrò yìí. Ti inú oówo, ti imú yín, ti imú àwọn ẹlẹ́dẹ̀, ìran kan náà ni gbogbo wọn."

"Ara mi le, Fadilah."

"Kò ṣe yín ní nǹkan kan, mà. Ó kàn ń gbé inú imú yín ni. Ara ìkókó ni kò lè gbà á. Oògùn wà tí ẹ ó máa fi sí imú fún ọjọ́ márùn-ún, a ó sì tún yẹ yín wò. Tó bá ti lọ, tí ẹ bá ń wẹ̀, tí ẹ ń pààrọ̀ aṣọ kí ẹ tó kúrò níbí, ẹ lè gbé ọmọ." Ó na fáìlì náà sí i. "Èsì tiyín, ọwọ́ yín ló wà. N ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni tí ẹ ò bá fẹ́."

Nígbà tí Fadilah lọ tán, Ọláwùnmí jókòó pẹ́. Ó lè lo oògùn náà, kó sì máa sọ ohun tó ti ń sọ lọ. Ta ni yóò já a nírọ́? Ṣùgbọ́n àyà rẹ̀ ń fẹ́ ìwúwo ọmọ náà. Ó pe Tòún.

"Ẹ káàsán, Mọ́mì."

"Èsì ti dé. Èmi ni. Ara mi ló ti kó o."

Ó ń gbọ́ tí Dáraolúwa ń fi nǹkan lu ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Tòún.

"Mo ti mọ̀ tipẹ́," ni Tòún wí níkẹyìn. "Èmi náà ni mo ní kí ẹ wá wẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe ìyẹn ló ń dùn mí. Wọ́n ń gún ọmọ mi lábẹ́rẹ́, ẹ̀ ń bá mi jiyàn. Ẹ ò bi mí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé báwo ni mo ṣe ń sùn."

Ọláwùnmí la ẹnu láti wí àwíjàre. Ó sì fi àwíjàre náà sílẹ̀.

"Báwo lo ṣe ń sùn, Tòún?"

Ó gbọ́ tí ọmọ rẹ̀ ń sunkún. Lẹ́yìn náà ni Tòún bẹ̀rẹ̀ sí í ròyìn, láti ọjọ́ kìíní ní ọsibítù. Ọláwùnmí gbé fóònù sí etí kejì, ó sì ń gbọ́ ọ.