Ọkọ́ Mi Ti Dé

Ó ti rẹ Káfíńtà kó tó dé ilé ìkàwé rárá. Oṣù kẹrin nìyí tí ìyàwó rẹ̀ ti kú, oorun kò sì fi bẹ́ẹ̀ mọ ọ̀nà ilé rẹ̀ mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti rí ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ọ̀nà wọn: sinimá àtijọ́ kan, ọ̀fẹ́, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ Sátidé. Ìyàwó rẹ̀ wà nínú sinimá yẹn nígbà èwe, gbólóhùn kan péré ló sì sọ. Kò sí ibòmíràn tí ohùn rẹ̀ kù sí láyé. Ohùn yẹn ni Káfíńtà wá gbọ́.

‘Ọkọ mi ti dé’ ni wọ́n kọ fún un láti sọ. Ojora mú un níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán, ó ní, ‘Ọkọ́ mi ti dé,’ bí ẹni tó rán ọmọ lọ gba irinṣẹ́ wá láti oko. Ẹyin lọ̀rọ̀, eléyìí bọ́, ó sì fọ́. Fíìmù tó kù lọ́wọ́ wọn kò tó láti tún un yà. Nígbà tí àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi ṣe yẹ̀yẹ́, Káfíńtà ní kò gbọdọ̀ ṣeré mọ́, òun kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni máa fi ìyàwó òun rẹ́rìn-ín. Obìnrin náà ní, ‘Ó dáa.’ Ọdún méjìlélógójì ni wọ́n tún lò pọ̀, kò dárúkọ ọ̀rọ̀ náà mọ́.

Yàrá ìsàlẹ̀ kún fọ́fọ́. Ọmọbìnrin kan tó wọ jígí na ọkọ́ kan tí wọ́n fi páálí gé sí Káfíńtà.

‘Kí ni mo fẹ́ fi ṣe?’

‘Tó bá ti kan ibi ‘Ọkọ́ mi ti dé’, kẹ́ ẹ nà án sókè ni, Bàbá. Àbí ẹ ò wá rí?’

Káfíńtà yẹ̀ ẹ́ wò. ‘Ọkọ́ yìí ò lè kọ ebè kan ṣoṣo.’

‘Ẹ̀rín la bá wá ní tiwa,’ ọmọbìnrin náà fèsì. ‘Iṣẹ́ ń bẹ nílé.’

Nígbà tó kan ibẹ̀, gbogbo yàrá dìde. Ọkọ́ páálí ga bí oko àgbàdo, ariwo ‘Ọkọ́ mi ti dé’ sì gba àjà. Káfíńtà rí i tí ẹnu ìyàwó rẹ̀ là lójú aṣọ funfun tí wọ́n fi ń wo sinimá, tó sì pa dé. Kò gbọ́ nǹkan kan. Ọgọ́ta ènìyàn ti gba ọ̀rọ̀ náà mọ́ ọn lẹ́nu.

Ó jókòó síbẹ̀ títí gbogbo wọn fi lọ. Olùtọ́jú ilé ìkàwé, obìnrin tó ti ń gbé àga láti òwúrọ̀, wá bá a.

‘Bàbá, a ti fẹ́ tilẹ̀kùn.’

‘Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá a padà síbi ọkọ́ yẹn. Wọn ò jẹ́ kí n gbọ́.’

‘Ariwo yẹn gan-an ni wọ́n ń bá wá. Lọ́dọọdún, torí obìnrin yẹn ni wọ́n ṣe ń wá.’

‘Ìyàwó mi ni.’

Obìnrin náà gbé àga ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Kò ní kó ṣàlàyé. Ó lọ sídìí ẹ̀rọ.

Ọmọge kan ṣílẹ̀kùn lójú aṣọ funfun, ó ní, ‘Ọkọ́ mi ti dé.’ Ohùn náà tín-ín-rín ju bí Káfíńtà ṣe rántí rẹ̀ lọ. Kí àwòrán tó yí padà, ó gbọ́ ohun tí kò sẹ́ni tó lè gbọ́ nínú ariwo ìrọ̀lẹ́ náà: ẹ̀rín kékeré kan tó já bọ́ lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ ti mọ̀ pé òun ṣì í sọ, ó sì pa á lẹ́rìn-ín.

Káfíńtà di orúnkún rẹ̀ méjèèjì mú. Ọdún méjìlélógójì ló fi rò pé òun gbà á lọ́wọ́ ìtìjú.

‘Ṣé kí n tún un fi hàn?’ olùtọ́jú bi í.

‘Ó ti rẹ̀ yín. Ẹ máa lọ sílé.’

‘Bàbá, ìbéèrè ni mo bi yín.’

Káfíńtà tún kọjú sí aṣọ funfun náà. ‘Ẹ tún un fi hàn. Ẹ ò ní láti jẹ́ kó sọ ọ̀rọ̀ yẹn. Ibi ẹ̀rín yẹn ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.’