Aṣọ Onírọ́bà Tí Taya Wọ̀ Dé Iwájú Ìgbìmọ̀

Ọmọ tí kò bá lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ilé-ìwé kò gbà á ní Moscow ayé ìgbà yẹn. Ẹ má bi mí léèrè ìdí. Ìjọba Soviet tú ká, òfin yẹn kò bá a tú ká. Ìgbìmọ̀ àwọn dókítà aláṣọ funfun kan á jókòó, wọ́n á ní kí wọ́n bọ́ ọmọ sí ìhòòhò ku pátá nìkan, wọ́n á wò ó láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ẹni tó bá kùnà, ilé ìtọ́jú kan ń bẹ lẹ́yìn ìlú tí wọ́n ń kó wọn lọ, àwọn tó sì ń tibẹ̀ padà wálé kò pọ̀.

Ohun tó ń já Rimma, ìyá Taya, láyà nìyẹn. Ọkọ̀ èrò oníná ló ń wà. Bàbá Taya ti bẹ́sẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀ látìgbà tí wọ́n ti ní ọpọlọ ọmọ fara gbọgbẹ́ nígbà ìbí, pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní máa gbọ́ tirẹ̀. Bí Rimma bá lọ síbi iṣẹ́, Kapitolina Savelyevna, arúgbó tí wọ́n jọ ń gbé ilé kan náà, tí wọ́n jọ ń lo ilé ìdáná, ló ń bá a wo ọmọ. Ṣùgbọ́n ọmọ arúgbó náà fẹ́ wá mú un lọ sí ìlú Ryazan. Bí ilé-ìwé kò bá gba Taya, ta ni yóò máa wò ó? Kò sí ẹnì kankan.

Ìgbà yẹn ni Dókítà Veniamin Lvovich, tó ń tọ́jú Taya, mú aṣọ kan wá. Àwọn tó ń fò lọ sí gbalasa òfurufú ni wọ́n kọ́kọ́ rán an fún. Ara kì í wúwo lọ́hùn-ún, ẹran ẹsẹ̀ a sì máa joro. Wọ́n wá fi rọ́bà líle sí aṣọ náà láti èjìká dé bàtà, kó máa fa èèyàn wálẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè máa rí iṣẹ́ ṣe. Dókítà ti gé tirẹ̀ kúrú fún ọmọdé. Taya wà lára àwọn tí wọ́n kọ́kọ́ gbé e wọ̀.

"Yéè! Ẹ wá wo nǹkan!" Kapitolina pàtẹ́wọ́. "Ṣé òkè ọ̀run lẹ ń rán ọmọ yìí lọ ni? Taya, bó o bá débẹ̀, bá mi wo ọkọ mi bóyá ó ṣì ń mutí o."

"Màmá àgbà, màá gba ìgò náà lọ́wọ́ wọn!"

Dókítà náà rẹ́rìn-ín, ó wá kọjú sí Rimma. "Ìyá ọmọ, ẹ fetí sílẹ̀. Rọ́bà yìí kì í ṣe ọ̀pá tí a fi ń ti ògiri. Ẹ̀kọ́ ló ń kọ́ ara. Bí ọmọ bá ti ń dúró, ẹ máa dẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀, kí ara rẹ̀ fúnra rẹ̀ lè gba iṣẹ́ náà ṣe."

Taya dúró lóòótọ́. Ó di tábìlì ilé ìdáná mú, ó nàró gangan, Rimma sì bú sẹ́kún ayọ̀. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tó dẹ rọ́bà náà, orúnkún ọmọ yẹ̀.

"Dẹ̀ ẹ́ kẹ̀?" Kapitolina pòṣé. "Ta ní ń dẹ ọ̀já lára ọmọ? Gbogbo ọmọ tí mo bí ni mo dì gbọningbọnin. Wo ẹsẹ̀ wọn bó ṣe tọ́! Dókítà bímọ rí ni?"

Ẹ má bú arúgbó náà jù. Níbẹ̀, bí wọ́n bá ti bí ọmọ, tọwọ́tẹsẹ̀ ni wọ́n ń fi aṣọ dì í le, kí ẹsẹ̀ má baà wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di Rimma náà, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ìyá rẹ̀. Ohun tí èèyàn bá mu mọ́ ọmú, ọ̀rọ̀ dókítà kì í tètè wẹ̀ ẹ́ kúrò. Ọjọ́ ìgbìmọ̀ sì ti ń sún mọ́. Rimma fún rọ́bà náà padà, ó tún fi kún un.

"Màmá, ó ń dùn mí."

"Fara dà á, ọmọ mi. Àwọn tó bá fara dà á ló ń lọ sílé-ìwé."

Taya fi eyín há ètè. Kò tún ráhùn mọ́.

Nígbà tí ọjọ́ pé, Taya jọ̀wọ́ ọwọ́ ìyá rẹ̀ láàárín yàrá ìgbìmọ̀, ó dá dúró gangan nínú aṣọ náà. Ọkùnrin kan láàárín wọn tiẹ̀ pàtẹ́wọ́. Inú Dókítà Veniamin Lvovich, tó tẹ̀ lé wọn wá, ń dùn bí ọmọdé.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni alága wí, obìnrin kan tí ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. "Ẹ bọ́ ọ."

Àyà Rimma kò já. Ẹsẹ̀ ti tọ́, kí ló kù? Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Bí ìgbànú tó kẹ́yìn ṣe jọ̀wọ́, Taya wó lulẹ̀ bí aṣọ tútù tó já lórí okùn. Dókítà sáré gbé e. Gbogbo wọn ló wá rí èjìká àti itan ọmọ náà: rọ́bà ti jẹ wọ́n, ojú ibòmíràn ti di egbò.

"Ìyá ọmọ, ṣé ẹ ò dẹ̀ ẹ́ rárá ni?" Dókítà bèèrè.

"Mo fún un ni. Kó lè tọ́."

Ojú dókítà pọ́n. "Áà, Rimma! Aṣọ ló ń dúró láti ọjọ́ yìí wá. Ẹ ò jẹ́ kí ọmọ dúró." Ó yíjú sí alága. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa títí di ìgbà ẹ̀rùn. Ọmọ yìí máa dúró, mo fi orí mi búra."

"Ẹ tún fẹ́ kí n dá a padà fún ẹni tó ṣe é báyìí?" Alága na ìka sí egbò náà. "Ilé ìtọ́jú ló ń lọ. Ọkọ̀ á wá gbé e lọ́jọ́ Ajé."

Rimma fẹ́ kígbe pé òun kò fìyà jẹ ọmọ òun, pé ìfẹ́ ni. Ó kúnlẹ̀, ó ń wá ìbọ̀sẹ̀ Taya kiri ilẹ̀, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀hún sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láti ọwọ́ dókítà, ó fi ẹnu sí ìyá rẹ̀ létí.

"Màmá, ṣé ẹ rí i? Mi ò sunkún rárá."