Bébà Tí Abẹ́rẹ́ Lu

Arlene Tackett fa bébà náà ya kúrò lẹ́yìn ìràwọ̀ aṣọ tí ó ń rán, òwú sì bá a wá. Ojú rírán tí ó ti ń tò láti ìdájí là sílẹ̀ bí ẹnu ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde lódò. Ó gbé e sókè síbi fèrèsé. Ìmọ́lẹ̀ gba àárín aṣọ pupa àti aṣọ funfun kọjá níbi tí kò yẹ kí ìmọ́lẹ̀ ti kọjá.

Ó ju bébà tí ó ya náà sínú apẹ̀rẹ̀ tí ó fi ń kó ohun ìdáná sítóòfù jọ. Kì í da nǹkan nù. Bí bébà kò bá wúlò fún aṣọ, yóò wúlò fún iná.

Aago méje àárọ̀ ti kọjá díẹ̀. Ní aago kan ọ̀sán, àwọn obìnrin tí ń fi àwẹ́ aṣọ rán kúbùsù yóò péjọ sí yàrá abẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, Arlene ni yóò sì kọ́ wọn ní ìràwọ̀ onígun mẹ́jọ. Ìràwọ̀ yìí kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ojú wọ̀n rán. Orí bébà ni wọ́n ń ya ìlà rẹ̀ sí. Àwẹ́ aṣọ á wà lábẹ́, abẹ́rẹ́ á máa tọ ojú ìlà tí ó wà lókè, á gún bébà àti aṣọ pọ̀. Bí gbogbo rẹ̀ bá parí, wọ́n á fa bébà ya dànù, ìràwọ̀ nìkan á kù. Nítorí náà, bébà gbọ́dọ̀ le tó láti gba abẹ́rẹ́, kí ó má yọ́ lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, kí ó sì gbà láti ya nígbà tí wọ́n bá ní kí ó máa lọ. Èyí tí ó bá nípọn jù, òwú ni yóò fà tú.

Lorraine Ratliff, olórí ẹgbẹ́, ti ra bébà tí wọ́n dìídì ṣe fún iṣẹ́ náà, tí wọ́n ti tẹ ìlà sí. Ó dára. Ó sì wọ́n gógó. Àwọn mẹ́rin rà á pẹ̀lú rẹ̀; Arlene wà lára wọn, ó sì ti lo tirẹ̀ tán. Mẹ́sàn-án yòókù kò rà á, kò sì sí èyí tí ó sọ pé owó ni kò sí nínú wọn. Ọ̀kan ní àwọn ọmọ-ọmọ òun ń bọ̀. Ọ̀kan ní ẹ̀yìn ń dun òun. Ova Combs, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún, ní ojú òun ti rẹ̀.

Ojú wo? Arlene ti rẹ́rìn-ín sínú nígbà tí ó gbọ́ ọ. Ova tí ó dá àwòdì mọ̀ ní orí òkè kejì ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá! Arlene mọ àwáwí bí ó bá gbọ́ ọ.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni ẹgbẹ́ náà ti ń gbé kúbùsù kan lọ sí ìpàtẹ àgbègbè lọ́dọọdún, ọwọ́ olúkúlùkù wọn ni ó sì ń wà nínú rẹ̀. Kò sí ọdún tí ọwọ́ ẹnì kan yẹ̀. Ní ọdún tí ọkọ Ova kú, ìdí pósí ni Ova jókòó sí nínú pálọ̀ tí ó rán tirẹ̀. Àmọ́ ní àná, Lorraine pe Arlene lórí fóònù.

"Ìràwọ̀ márùn-ún náà tó, Arlene. A ó fi aṣọ funfun dí àyè yòókù."

"O fẹ́ fi aṣọ funfun dí èèyàn mẹ́sàn-án."

"Kí lo fẹ́ kí n ṣe? Kí n lọ máa já bébà lórí igi?"

Arlene gbé fóònù sílẹ̀, ó sì pe àwọn mẹ́sàn-án náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọ̀rọ̀ kan náà ni ó sọ fún gbogbo wọn: "Wá lọ́la. Bébà wà, ọ̀fẹ́ ni." Nígbà tí ó ń sọ ọ́, kò ní ẹyọ kan.

Bébà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tí ó gbà ní ilé ìkàwé ni ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a kulẹ̀ yìí. Ó mú ìwé ìròyìn àtijọ́. Èyí ya wẹ́rẹ́, inú rẹ̀ sì ti fẹ́ dùn kí ó tó gbé áyọ́ọ̀nù lé e. Nígbà tí ó ṣí i wò, ìdajì ìpolówó táyà ọkọ̀ ti lẹ̀ mọ́ aṣọ funfun, gbogbo lẹ́tà rẹ̀ kọjú sódì. Ó mú bébà tí wọ́n fi ìda pa, tí ó fi ń tẹ́ abẹ́ bísíkíìtì nínú ààrò. Ìyẹn yọ́ mọ́ ìdí áyọ́ọ̀nù, ó sì gba ogún ìṣẹ́jú kí ó tó fi ọ̀bẹ ha á kúrò.

Ó di aago mẹ́sàn-án. Kò sí bébà mìíràn nínú ilé àfi Bíbélì, Arlene kò sì tíì burú tó bẹ́ẹ̀. Ó fọ ọwọ́, ó wọ kóòtù, ó wa ọkọ̀ lọ sí ilé ìwòsàn nítorí pé ọjọ́ tí wọ́n ń wọn ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ nìyẹn, kì í sì í pa àdéhùn jẹ.

"Ẹ gun orí bẹ́ẹ̀dì, Màmá Arlene," ni Kendra Slone, nọ́ọ̀sì, wí. "Mò ń bọ̀ báyìí."

Arlene gun orí bẹ́ẹ̀dì àyẹ̀wò. Bébà funfun tí wọ́n tẹ́ sórí rẹ̀ dún wárawàra lábẹ́ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlá ni ó ti ń jókòó lé irú bébà yìí, ohun kan ṣoṣo tí ó sì ti rò nípa rẹ̀ rí ni pé ó tutù. Lónìí, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró jẹ́ẹ́. Ó fi àtàńpàkò pa á. Ó dán, ó fẹ́lẹ́, kò sí yíǹkì kankan lára rẹ̀. Ó ya igun kan wò. Ó ya gbọọrọ, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹni tí ń mí lọ. Ó yọ abẹ́rẹ́ tí ó máa ń wà lábẹ́ kọ́là rẹ̀, ó gún ihò tẹ̀lé ihò títí gígùn rẹ̀ fi tó ìka kan, ó sì fà á. Bébà náà pín sí méjì láìjanpata.

Ó ti ya apá kan dé àárín bẹ́ẹ̀dì kí Kendra tó padà wọlé.

"Màmá Arlene! Kí lẹ̀ ń fi bẹ́ẹ̀dì mi ṣe?"

"Mò ń yẹ̀ ẹ́ wò."

"Èmi ló yẹ kí n máa yẹ̀ yín wò o. Ẹ mú apá wá."

Arlene na apá, ṣùgbọ́n róòlù bébà tí ó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni ó ń wò. "Tó bá kù díẹ̀ nídìí róòlù yẹn ńkọ́, tí kò gùn tó bẹ́ẹ̀dì mọ́?"

"A máa ń jù ú nù."

Arlene yí ojú sí i bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n ń da wàrà sí kòtò.

"Ẹ̀ ń jù ú nù."

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀ yẹn. Ẹni tó ń palẹ̀ mọ́ ò tíì kó ti oṣù tó kọjá. Ó wà nínú páálí ní yàrá ẹ̀yìn."

"Ṣé èèyàn ti jókòó lé e?"

"Ta ló máa jókòó lé e? Ó ṣì wà ní kíká." Kendra wo ojú ìwọ̀n, ó fa ojú ro. "Ìfúnpá yín ti lọ sókè gan-an ni."

"Á sọ̀ kalẹ̀. Lọ gbé páálí yẹn wá."

Ìdí róòlù mẹ́fà ni ó bá dé ilé. Ó tẹ́ wọn sórí tábìlì ìdáná, ó sì fi sísọ́ọ̀sì gé wọn ní ìwọ̀n kan náà, méjìléláàádọ́rin, mẹ́jọ mẹ́jọ fún obìnrin mẹ́sàn-án, ó sì gé méjì lé e. Aago mọ́kànlá ti lù. Ìgbà yìí ni ó wá rántí pé kò sí ìlà lórí ìkankan nínú wọn. Bí ó bá ní kí òun fi pẹ́ńsùlù yà wọ́n, ilẹ̀ á ṣú. Ti yíǹkì, ó ti rí ohun tí yíǹkì ṣe láàárọ̀.

Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan.

Nígbà tí ó ṣì jẹ́ ìyàwó tuntun, tí kò sí ilé ẹ̀kọ́ aránṣọ ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òkè Kentucky wọ̀nyí, lẹ́tà ni Arlene fi kọ́ iṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ kan ní Ohio ni ó ń fi ìwé ránṣẹ́ sí i lóṣooṣù, òun náà á rán iṣẹ́ tirẹ̀ padà, wọ́n á fi gègé pupa máàkì rẹ̀. Ẹ̀kọ́ kan wà níbẹ̀ tí kò lò rí, nípa bí ènìyàn ṣe lè fi iṣẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo sí ara aṣọ púpọ̀. Ó rántí ọ̀rọ̀ tí ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: *Yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́.*

Ó yọ òwú kúrò lójú abẹ́rẹ́. Ó to bébà mẹ́sàn-án lé ara wọn, ó fi pẹ́ńsùlù ya ìlà sórí ẹyọ kan nínú méjì tó lé, ó fi í lé òkè, ó fi pín-ìn-nì dè wọ́n, ó sì tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì. Abẹ́rẹ́ tí kò lówú ń sáré lórí ìlà, ó ń lu mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí ó gbé wọn sójú fèrèsé, ìlà náà wà lára olúkúlùkù wọn, ihò wẹ́wẹ́ tí oòrùn ń yọjú gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹjọ péré ni yóò ṣe é.

Arlene Tackett, ẹni tí kì í kọrin àfi ní ọjọ́ Ìsinmi, bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Ó jẹ búrẹ́dì àgbàdo tútù nínú ọkọ̀, ó sì wọ yàrá abẹ́lẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí aago kan ku ìṣẹ́jú márùn-ún. Àwọn mẹ́tàlá yòókù ti pé. Òórùn kọfí gba gbogbo yàrá. Lorraine mú bébà kan láti orí ìdì náà, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Arlene, kò sí nǹkan kan lórí èyí."

"Gbé e síbi iná."

Lorraine gbé e síbi iná. Ìlà ìràwọ̀ tàn jáde ní ihò kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan pariwo, "Jésù mi!" láti ẹ̀yìn.

"Níbo lo ti rí i?" ni Lorraine béèrè.

"Lábẹ́ ìdí mi, ní ilé dókítà."

Ẹ̀rín bú, ṣùgbọ́n Lorraine kò rẹ́rìn-ín. "Ká wò ó bóyá á gba áyọ́ọ̀nù." Ó gbé áyọ́ọ̀nù ẹgbẹ́ lé bébà náà. Èéfín funfun yọ fíì. Bébà náà sún kì, ó ká jọ bí ewé tí ó gbẹ, kò sì gùn tó bí ó ti wà mọ́. Obìnrin tí ó ní ẹ̀yìn ń dun òun nawọ́ mú báàgì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

"Ó dùn mí fún ẹ," ni Lorraine wí, ó sì dà bí pé ó dùn ún ní tòótọ́.

Arlene kò wo bébà. Áyọ́ọ̀nù ni ó wò. "Ta ló bu omi sí i?"

"A máa ń bu omi sí i. Láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé la ti ń bu omi sí i."

Arlene gbé áyọ́ọ̀nù lọ sí ìdí síǹkì, ó dojú rẹ̀ dé, ó sì da omi inú rẹ̀ nù. Ó tún tan iná rẹ̀, ó fi í lọ àkísà kan títí tí kò fi ní èéfín mọ́. Lẹ́yìn náà ni ó gbé bébà mìíràn kalẹ̀, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó lọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ó dùbúlẹ̀ pẹlẹbẹ, ó sì dán ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

"Bébà kì í ṣe ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ ẹ, Lorraine. Kò fẹ́ omi."

Lọ́tẹ̀ yìí, Lorraine pàápàá rẹ́rìn-ín.

Arlene pín bébà. "Ẹ fọwọ́ pa á. Apá kan dán, apá kejì ń gún ọwọ́ díẹ̀. Èyí tó ń gún ọwọ́ á kọjú sí yín, aṣọ á wà lábẹ́ èyí tó dán. Ẹni tó bá yí i padà, ìràwọ̀ rẹ̀ á kọjú sódì, màá sì ní kó tú u." Wọ́n mọ̀ pé kò ṣeré. Máṣíìnì bẹ̀rẹ̀ sí í hó.

Ova Combs jókòó sí ìpẹ̀kun tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò kọfí, ó ká ọwọ́ lé itan. Arlene gbé bébà mẹ́jọ síwájú rẹ̀.

"Mo ti sọ fún ẹ, Arlene. Ojú mi."

"Ọ̀fẹ́ ni, Sístà Ova."

"Ṣé mo bá ẹ sọ̀rọ̀ owó ni?"

Arlene fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, ó sì kọjá lọ. Ó tún òwú ẹnì kan fà. Ó ní kí ẹlòmíràn tú méjì. Lorraine wá dúró sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Ṣé ó ṣẹ́ kù?"

"Kí ló ṣẹ́ kù? Àjẹkù dókítà?"

"Arlene."

"Ìwọ ti ra tìẹ."

"Mo mọ̀ pé mo rà á. Tèmi kì í fúnra rẹ̀ ká lójú ìlà báyìí. Wò ó." Ó ti gba ọ̀kan lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́, bébà náà sì ká gẹ́lẹ́ ní ibi ihò bí ẹni pé ó ti ń dúró de ọwọ́ rẹ̀.

Arlene ń nawọ́ sí ìyókù róòlù nígbà tí ó rí Ova.

Ova kò fi máṣíìnì rán an. Abẹ́rẹ́ ọwọ́ ni ó mú. Ojú rẹ̀ kò sí lára iṣẹ́ rárá. Ògiri ni ó kọjú sí, níbi tí kò sí nǹkan kan. Ìka òsì rẹ̀ ń lọ níwájú lórí bébà, ó ń wá ihò, abẹ́rẹ́ ọwọ́ ọ̀tún sì ń tẹ̀ lé e, ó ń jábọ́ sínú ihò kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀. Ó dé òpin ìlà, ó tẹ bébà, ó fi àwẹ́ aṣọ mìíràn kún un, ó tún gbéra. Igun mẹ́ta ti parí níwájú rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó tíì ṣe ju méjì lọ nínú àwọn tí wọ́n ń lo máṣíìnì.

Ní aago mẹ́rin kọjá díẹ̀, wọ́n fa bébà ya. Gbogbo wọn dá ọwọ́ dúró kí wọ́n lè fà á pọ̀. Ohùn rẹ̀ gba yàrá náà kan bí ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́ lu oko àgbàdo, kò sì sí òwú kan tí ó bá a jáde. Wọ́n to ìràwọ̀ sórí tábìlì gígùn: mẹ́rìnlá. Lorraine kà wọ́n lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ fọn ikun imú rẹ̀.

Arlene ń yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Ní ti Ova, ṣóńṣó mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ pàdé lójú kan ní àárín. Ó fi èékánná wá ibi tí kò ti gún régé. Kò rí i.

"Láti ìgbà wo?" ni ó béèrè.

"Láti ìgbà òtútù. Ojú ọ̀tún ló kọ́kọ́ lọ. Ti òsì ń tẹ̀ lé e." Ova ń wá ife kọfí rẹ̀ káàkiri. Arlene tì í sún mọ́ ọn. "Mo sọ fún ẹ."

"Ẹ sọ fún mi," ni Arlene wí.

Nígbà tí àwọn tó kù ti ń wọ kóòtù, ó ṣa àwọn bébà tí wọ́n ti fà ya jọ sínú àpò fún sítóòfù, gẹ́gẹ́ bí ó ti máa ń ṣe. Ẹyọ odidi kan ṣẹ́ kù lábẹ́ ìkòkò kọfí. Ó mú un. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí i pé kò sí ẹni tí ń wo òun, ó sì di ojú rẹ̀ méjèèjì. Ó fi àtàńpàkò wá ìbẹ̀rẹ̀ ìlà náà. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó rí i. Lẹ́yìn náà, ó ń tọ̀ ọ́ lọ, ihò tẹ̀lé ihò, díẹ̀díẹ̀, títí ó fi dé ṣóńṣó.