Èdè Wo Ni Kí N Kọ́?

...àbí kí n kàn mú Páítọ̀n? Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé. Èdè kọ̀m̀pútà mẹ́tàlá ló tò sójú fóònù mi, mo sì ń fi ìka yí wọn lọ, yí wọn bọ̀, bí ẹni tó ń yan bàtà. Wákàtí kan péré ni mo ní lóòjọ́, lẹ́yìn iṣẹ́. Bí mo bá ṣì yàn — ọdún kan ló lọ yẹn.

Ẹ̀rín ni bọ̀dá mi fi mí rín nígbà tí mo bi í. "Ṣé ìyàwó lò ń fẹ́ ni? Mú ọ̀kan, jàre! Jáfásíkíríìpù ni kó o kọ́, òun ló wà níbi gbogbo." Níbi gbogbo... Kí ni kí n fi ibi gbogbo ṣe? Ibì kan ṣoṣo ló ń dùn mí.

Ibẹ̀ náà nìyí. Yàrá káàdì ilé ìwòsàn, aago méjì ọ̀sán ku díẹ̀, ìsinmi oúnjẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí. Láti ojú fèrèsé mi mo ń wo bẹ́ǹṣì ìta. Ìyá yẹn ṣì wà níbẹ̀, ìyá oníṣíkáàfù búlúù. Ọjọ́ kẹta rẹ̀ nìyí. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ló ń dé, èmi gan-an ni mo ń tẹ orúkọ rẹ̀ sínú kọ̀m̀pútà, kọ̀m̀pútà á sì pe gbogbo ayé tán, kò ní pè é. Àwọn tó dé ní aago mọ́kànlá ti rí dókítà, wọ́n ti lọ sílé. "Ọmọ mi, ṣé wọn ò tíì pè mí?" "Ẹ ní sùúrù, Mà, ó máa pè yín." Lánàá, Màdáámù, ọ̀gá wa, ní kó padà wá. "Kọ̀m̀pútà kì í ṣe ojúsàájú, Mà." Kì í ṣe ojúsàájú! Ẹ̀jẹ̀ mi hó.

Ìyẹn ni mo ṣe gòkè lọ bá Bàbá Wáyà nígbà tí ìsinmi bẹ̀rẹ̀. Òun ló kọ ètò tó ń pe àwọn aláìsàn. Wáyà kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, a fi sọ ọ́ lórúkọ. Ìjà ni mo bá lọ. Láti orí àtẹ̀gùn ni mo ti ń to ọ̀rọ̀ sẹ́nu — ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sínú afẹ́fẹ́ tútù, tẹ́ ẹ̀ ń rẹ́ arúgbó jẹ... Kò bínú. Ó yí ojú kọ̀m̀pútà sí mi. "Àbúrò, rọra. Jókòó. Páítọ̀n ni mo fi kọ ọ́, wá kà á fúnra ẹ."

Mo sì kà á! Èmi tí n kò tíì kọ́ nǹkan kan. Mo ti rò pé ohun tí màá rí á ju orí èèyàn bíi tèmi lọ. Ọ̀rọ̀ ni. Bí báyìí bá rí báyìí, ṣe báyìí — bí ìgbà tí a ń kìlọ̀ fún ọmọ tí a fẹ́ rán níṣẹ́. Ìlà kan ò kúrò lójú mi: bí nọ́ńbà fóònù méjì bá bára mu, ẹnì kan náà ni, yọ ìkejì. "Torí àwọn aláìnísùúrù tó ń forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì ni," ó ní. "Ṣé ìyẹn náà burú?"

Kò burú. Ó tọ́, ká sòótọ́. Gbólóhùn kan... Ọkùnrin kan kọ ọ́, ó lọ jẹun, ó lọ sùn. Gbólóhùn náà ò sùn. Ọ̀ọ́dúnrún èèyàn ló ń ṣèdájọ́ fún lójoojúmọ́. Ta ló fún ọ̀rọ̀ lásán lágbára báyìí?

Níbo wá ni ìrẹ́jẹ náà wà? Ìyá ò forúkọ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ìyá ò tiẹ̀ ní fóònù rárá —

Ìyá ò ní fóònù.

Dúró ná. Kí ni mo wá ń tẹ̀ síbẹ̀? Kọ̀m̀pútà kì í gbà kí àyè fóònù ṣófo, Màdáámù ló sì kọ́ wa: "Ẹ fi òdo kún un jàre, kí iṣẹ́ máa lọ." Òdo mọ́kànlá. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fún ìyá. Mo ń tẹ̀ ẹ́ fún bàbá tó ń fọ̀pá rìn, tó ń wá wẹ egbò lójoojúmọ́, tó máa ń ṣíwájú gbogbo wọn dé. Nọ́ńbà kan náà. Wọ́n á pe bàbá. Ìyá wá —

Ẹnì kan náà ni. Yọ ìkejì.

Ìka mi ni. Ìka mi yìí, tó fẹ́ tún ayé ṣe! Láti oṣù tó kọjá tí ètò yìí ti dé... àwọn tí ìdúró sú, tí wọn ò padà wá mọ́ ńkọ́? Mò ń bẹ̀rù pé bóyá n kò ní lè kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá kọ̀m̀pútà sọ̀rọ̀, àṣé mo ti ń bá a sọ̀rọ̀ láti oṣù kan. Ó sì ń gbọ́. Ìyá tó bí mi lọ́mọ á bi mí lẹ́ẹ̀mejì kó tó gbà pé mo ti jẹun. Eléyìí — mo purọ́ fún un, ó gbà á bẹ́ẹ̀, ó sì gbé e ṣe.

Páítọ̀n. Mo tẹ̀ ẹ́ lójú fóònù mi. Ẹ̀kọ́ kìíní ṣí, àyè funfun kan: *Kọ ohunkóhun tó o bá fẹ́.*

Ohunkóhun! Ìka mi dúró sókè, kò lè sọ̀.

Aago méjì lù. Ìyá oníṣíkáàfù búlúù gbójú sókè sí fèrèsé mi. Òun náà gbà mí gbọ́.